Orógùn Abẹ́ Gíláàsì

Òjò wínníwínní ni wọ́n fi ń kí àlejò ní Gent.
Mo nu bàtà mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọ ilé olóògbé.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Godelieve,
di ìwé àkọsílẹ̀ mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun.
"Ẹ bá mi dárúkọ wọn," ló wí.
"Ogójì ọdún ni Bàbá fi kó wọn jọ.
Ẹ̀yin lẹ sì ti ibẹ̀ wá."

Ibẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kékeré tó gbé odò mẹ́wàá mì.
Gungu ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Kwilu,
ọmọ Pende ni mí;
ìdajì ohun tó wà lára ògiri yìí
ni n kò fi ojú rí rí.

Ọ̀bẹ jíjù àwọn Ngbandi, ẹlẹ́nu mẹ́ta,
ó ti pẹ́ tó ti jẹun kẹ́yìn.
Ṣaworo onígi tí wọ́n ń so mọ́ ajá ọdẹ lọ́rùn:
ajá ti kú, ọdẹ ti kú,
ṣaworo ṣì ń retí eré.
Irin pẹlẹbẹ àwọn Topoke, tó ga jù mí lọ,
tí wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó.
Ẹ wo owó orí ìyàwó
tó dá dúró ní kọ̀rọ̀ bí àpọ́n.

Olúkúlùkù ló ní ìwé pélébé lọ́rùn:
Ohun ètùtù.
Ohun ètùtù.
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun ètùtù.
Nínú ìwé bàbá yẹn, kò sẹ́ni tó jẹun rí nílẹ̀ wa,
kò sẹ́ni tí ara ń yún,
ètùtù la jí ṣe, ètùtù la ṣe sùn.

A wá dé àárín gbọ̀ngàn.
Iná kékeré lórí, àrán dúdú nísàlẹ̀, gíláàsì yí i ká.
"Ọ̀pá àṣẹ ìyá ọba," ni Godelieve kà,
ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì.
"Bàbá ta mọ́tò rẹ̀ nítorí èyí."

Mo tẹjú mọ́ ọn.
Igi gígùn, orí rẹ̀ fẹ̀ bí àjẹ̀ ọkọ̀,
ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ wọnú,
bí ó ṣe máa ń jẹ lọ́wọ́ ọlọ́wọ́ òsì.
Orógùn ni.
Orógùn!
Kafutshi, ìyá tó bí ìyá mi, ọlọ́wọ́ òsì ni.
Irú rẹ̀ ló fi ń ro lúkù nínú èéfín,
irú rẹ̀ ló fi gbá mi nídìí
lọ́jọ́ tí mo da omi sínú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́.
N kò sọ pé tirẹ̀ ni.
Orógùn pọ̀ láyé, ọlọ́wọ́ òsì kì í ṣe ẹyọ kan.
Ṣùgbọ́n ìdí mi rántí.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́. Mo fi ikọ́ bò ó.

Afẹ́fẹ́ fẹ́, ilẹ̀kùn fẹ́ gbá,
Godelieve fẹsẹ̀ ti nǹkan kan sí i nídìí:
ère kan, ó kúrú, ó ki, ihò wà níkùn rẹ̀,
ojú rẹ̀ kan jẹ́ owó ẹyọ, èkejì ti sọnù.
"Ìyẹn ò sí nínú ìwé," ló wí. "Ó ti bàjẹ́ kó tó dé.
Ó kàn wúwo ni."

Ẹsẹ̀ mi ti fà sẹ́yìn kí n tó ránṣẹ́ sí i.
Irú ìyẹn, lọ́dọ̀ wa, a kì í dárúkọ rẹ̀ lálẹ́.
Irú ìyẹn, àgbàlagbà ń bọ́ fìlà fún un.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Èdè Dutch mi kò gùn dé ibẹ̀.
Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún,
mo fi ha ilẹ̀kùn,
mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé arúgbó náà sórí tábìlì,
mo yí ojú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ì bá wà.

Lẹ́yìn náà mo gba bírò, mo kọ ọ́ sábẹ́ gíláàsì:
Orógùn. Ọlọ́wọ́ òsì ló lò ó.
Godelieve yọ ojú lé mi léjìká:
"Ṣé ohun ètùtù ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni,
lójoojúmọ́, bí àwọn ọmọ bá ti oko dé.

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.
Ìbọ̀sẹ̀ mi tutù títí mo fi délé.